PATEL: ORÚKỌ OYÈ TÍ Ó DI ORÚKỌ ÌDÍLÉ, ÀTI ÌTÀNKÁLẸ̀ RẸ̀ LẸ́YÌN ODI ILẸ̀ ÍŃDÍÀ

Ìfáárà

Orúkọ ìdílé wà lára ẹ̀rí tí àwọn onímọ̀ ìtàn àti àwọn onímọ̀ àwùjọ máa ń lò láti tọpa àwọn ènìyàn tí wọ́n ti kúrò ní ilẹ̀ baba wọn. Ẹ̀rí tí ó rọrùn láti kó jọ ni. Ó wà nínú ìwé orúkọ àwọn olùdìbò, nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ àti ti ilé-ìwòsàn, ó sì wà lókè ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí ó rọrùn láti kó jọ lè ṣòro láti túmọ̀. Orúkọ tí pépà yìí yàn láti fi yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ni Patel, èyí tí ó ti Gujarat ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Íńdíà jáde. Orúkọ yìí wọ́pọ̀ ní London àti Leicester, ní Nairobi, ní New Jersey àti ní Auckland, débi pé àwọn tí kò mọ ìtàn rẹ̀ a máa rò pé ìdílé ńlá kan ṣoṣo ni ó bí sí i tí ó sì rẹ̀ sí i.

Èrò tí pépà yìí gbé kalẹ̀ ni pé kò sí ìdílé kan tí ń jẹ́ Patel. Oyè ni Patel kí ó tó di orúkọ. Àwọn tí wọ́n sọ ọ́ di orúkọ kì í ṣe ọmọ baba kan náà, wọn kì í ṣe ẹlẹ́sìn kan náà, àní kì í ṣe èdè kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ka iye Patel tí ó wà ní ìlú kan lókè òkun ti rí nǹkan nípa ọ̀nà tí àwọn ènìyàn gbà dé ibẹ̀ àti irú ìwé tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí lójú ọ̀nà. Kò tíì rí ohunkóhun nípa ìbátan.

Ìtumọ̀ àti oríṣun

Ní èdè Gujarati, patel ni olórí abúlé, ẹni tí ìjọba mọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí yóò gba owó ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ tí yóò sì kó o jíṣẹ́. Ní Maharashtra tí ó wà lápá gúúsù Gujarat, patil ni wọ́n ń pè é. Àwọn onímọ̀ èdè so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ mọ́ pattakila, ọ̀rọ̀ kan tí ó wà nínú àwọn àkọsílẹ̀ Sanskrit ti ayé àtijọ́. Ara patta ni òun náà ti jáde, patta sì ni ìwé àṣẹ tí a fi ń fún ènìyàn ní ilẹ̀. Bí a bá fẹ́ túmọ̀ patel sí Yorùbá, Baálẹ̀ ni ó súnmọ́ ọn jù lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ owó gbígbà fún ìjọba ni ó gba iwájú nínú oyè ti Gujarat, tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ìjà píparí sì tẹ̀ lé e. Ọba Mughal lọ, àwọn Maratha dé, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tún gba ipò wọn. Gbogbo wọn ni wọ́n nílò ẹni tí yóò gbowó, patel sì wà ní àyè rẹ̀.

Ibi tí oyè yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í di orúkọ lọ́nà tí ó kan ayé òde ni Charotar, pẹ̀tẹ́lẹ̀ ọlọ́ràá kan ní agbègbè Kheda, níbi tí àwọn ìlú bíi Nadiad, Anand àti Karamsad wà. Àgbẹ̀ tí ń gbin òwú àti tábà ni ọ̀pọ̀ àwọn ará ibẹ̀, Kanbi sì ni jati wọn. Jati ni ìpín ìbí, èyí tí a bí ènìyàn sí tí kò sì rọrùn láti jáde kúrò nínú rẹ̀. Kanbi pín sí ọ̀nà méjì pàtàkì, Leva àti Kadva. Ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn sọ pé ọ̀dọ̀ Lava àti Kusha, àwọn ọmọ Rama, ni wọ́n ti ṣẹ̀. Irú ìtàn orírun bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gbọ́ ìtàn Odùduwà, ohun tí ó sì ń ṣe fún àwọn tí ń sọ ọ́ ni ó yẹ kí a fi gbà á, kì í ṣe bí ọjọ́ orí ṣe jìnnà tó.

Ní ọ̀pọ̀ abúlé Charotar, kì í ṣe ẹnì kan ni ó ń dá ìṣákọ́lẹ̀ jíṣẹ́. Ètò kan wà tí a ń pè ní narva. Ìjọba yóò bu iye owó kan lé gbogbo abúlé lórí, àwọn agbo ilé tí wọ́n ni ilẹ̀ yóò sì pín in láàrin ara wọn gẹ́gẹ́ bí ìpín ilẹ̀ oníkálukú. Ìpín ilẹ̀ yìí ni pati. Ẹni tí ó ni ìpín ni patidar. Lábẹ́ irú ètò bẹ́ẹ̀, oyè patel kò lè jẹ́ ti ẹyọ ẹnì kan mọ́. Gbogbo ọkùnrin inú agbo ilé tí ó ni pati ni ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé patel ni òun, nítorí pé gbogbo wọn ni owó náà wà ní ọrùn wọn.

Nígbà tí owó òwú àti tábà wọlé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn tí ọwọ́ wọn lọ sókè kò fẹ́ jẹ́ Kanbi mọ́, nítorí àgbẹ̀ lásán ni orúkọ náà ń tọ́ka sí. Patidar ni wọ́n fẹ́ kí a máa pè wọ́n, Patel sì ni wọ́n ń kọ sí ìparí orúkọ wọn. Àwọn tí wọ́n tòṣì tẹ̀ lé wọn. David Pocock, onímọ̀ àwùjọ tí ó gbé láàrin wọn, tí ó sì kọ ìwé lórí Kanbi àti Patidar ní ọdún 1972, fi hàn pé nígbà tí yóò fi di ìkànìyàn ọdún 1931, orúkọ Patidar ti gba ipò Kanbi nínú ìwé ìjọba. Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí èyí. Àwọn ènìyàn kan náà, lórí ilẹ̀ kan náà, yí orúkọ jati wọn padà láàrin ìran méjì tàbí mẹ́ta. Ẹni tí ó bá ń fi iye Kanbi inú ìwé wádìí yóò rò pé àjàkálẹ̀ àrùn ni ó pa wọ́n tán!

Ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì parí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2015, ogunlọ́gọ̀ àwọn Patidar kóra jọ ní Ahmedabad lábẹ́ Hardik Patel láti béèrè pé kí ìjọba kà wọ́n mọ́ àwọn jati tí ó rẹ̀yìn, kí àwọn ọmọ wọn lè rí àyè nínú iṣẹ́ ìjọba àti ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Anandiben Patel ni ó ń ṣe olórí ìjọba Gujarat nígbà náà. Patel ń bá Patel jà lórí bóyá Patel tòṣì tàbí kò tòṣì. Nínú irú ìjà bẹ́ẹ̀, orúkọ nìkan kò lè sọ ẹni tí ó wà ní apá ibì kan.

Ìwé ìforúkọsílẹ̀ àti àyè kẹta

Bí àwọn ará Gujarat ṣe ń kọ orúkọ ṣe pàtàkì nínú àlàyé yìí. Orúkọ ẹni ni ó ń ṣáájú, orúkọ baba yóò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ohun kẹta yóò wá: orúkọ iṣẹ́, tàbí ti ìlú, tàbí ti oyè. Vallabhbhai Jhaverbhai Patel, olóṣèlú tí wọ́n bí ní Nadiad ní ọdún 1875, jẹ́ àpẹẹrẹ. Vallabh ni orúkọ rẹ̀. Bhai, tí ó túmọ̀ sí arákùnrin, ni ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ tí a so mọ́ ọn. Jhaverbhai ni baba rẹ̀. Patel ni ó gba àyè kẹta. Láàrin àwọn ará abúlé fúnra wọn, àyè kẹta yìí kò ṣe pàtàkì, nítorí pé gbogbo ènìyàn mọ ọmọ ẹni tí oníkálukú jẹ́. Akọ̀wé ilé-ẹ̀kọ́, akọ̀wé kóòtù àti ẹni tí ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n nílò rẹ̀. Ìwé tí wọ́n gbé sílẹ̀ ní àyè tí a gbọ́dọ̀ kún, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì fi oyè kún un.

Èyí kò yẹ kí ó ya àwọn tí wọ́n mọ ilẹ̀ Yorùbá lẹ́nu. Balógun jẹ́ oyè ogun; lónìí orúkọ ìdílé ni ó jẹ́ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Ìjẹ̀bú àti ní Ìlọrin, tí kò sí ìbátan kankan láàrin wọn ju pé bàbá ńlá oníkálukú jẹ oyè náà, tàbí pé ó bá ẹni tí ó jẹ ẹ́ gbé. Baṣọ̀run náà rí bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ pé Balógun jẹ́ oyè, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé Balógun Ìbàdàn àti Balógun Ìjẹ̀bú jẹ́ ọmọ ìyá. Ní London, ẹni tí ó mọ̀ pé Patel jẹ́ oyè kò pọ̀.

Àwọn mìíràn tí ń jẹ́ Patel

Níwọ̀n ìgbà tí oyè náà ti wà ní gbogbo ibi tí a ti ń gba ìṣákọ́lẹ̀, kì í ṣe Leva àti Kadva nìkan ni ó bọ́ sí lọ́wọ́. Àwọn Koli, tí ọ̀pọ̀ Patidar kà sí ẹni ẹ̀yìn, ń jẹ́ ẹ. Ní agbègbè Bharuch, àwọn àgbẹ̀ Mùsùlùmí tí a ń pè ní Vohra ń jẹ́ ẹ. Ahmed Patel, ẹni tí ó di gbajúmọ̀ nínú ẹgbẹ́ òṣèlú Congress títí ó fi kú ní ọdún 2020, wá láti ibẹ̀. Àwọn Parsi, tí ẹ̀sìn wọn wá láti ilẹ̀ Páṣíà, ń jẹ́ ẹ pẹ̀lú. Ọ̀kan nínú wọn ni Dorab Patel, adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní Pakistan. Ó kọ̀ láti búra lábẹ́ ìjọba ológun Zia ní ọdún 1981, ó sì fi ipò rẹ̀ sílẹ̀. Lọ́nà jíjìn sí gúúsù, ní Karnataka níbi tí èdè Kannada ti jẹ́ èdè ìlú, J. H. Patel ṣe olórí ìjọba láti 1996 sí 1999; Lingayat ni òun, kì í ṣe ará Gujarat rárá. Àwọn mẹ́rin yìí, Hindu ará Charotar, Mùsùlùmí ará Bharuch, Parsi àti Lingayat, kò jọ pín nǹkan kan ju pé nígbà kan rí ẹnì kan nínú àwọn bàbá wọn gba owó fún ìjọba tàbí pé àwọn ènìyàn fi orúkọ ẹni tí ó ń gbà á pè é.

Àṣìṣe náà tún ní apá kejì tí àwọn òǹkọ̀wé kì í fiyè sí. Kì í ṣe gbogbo Patidar ni ń jẹ́ Patel. Àwọn tí bàbá wọn di ipò tí ó ga ju ti olórí abúlé mú gba orúkọ ipò náà: Desai àti Amin wà láàrin wọn. Bẹ́ẹ̀ ni Desai kì í ṣe ti Patidar nìkan. Morarji Desai, tí ó jẹ́ olórí ìjọba Íńdíà láti 1977 sí 1979, jẹ́ Brahmin ti ìpín Anavil. Orúkọ Patel ń ka àwọn tí kì í ṣe Patidar mọ́ Patidar, ó sì ń yọ àwọn Patidar kan sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó

Ibi tí àìmọ̀ yìí ti ń mú ìdààmú wá jù lọ ni ìgbéyàwó. Bí Patel bá fẹ́ Patel, akọ̀wé ìforúkọsílẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè lè ṣiyèméjì; ẹni tí a tọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá pàápàá, níbi tí a ti ń béèrè orílẹ̀ kí a tó gba ọwọ́ ọmọ, yóò kọ́kọ́ fura. Ṣùgbọ́n òfin àwọn Patidar nípa ìbátan le ju bí ó ti yẹ kí ènìyàn rò lọ. Láàrin àwọn Leva ti Charotar, àwọn ọmọ abúlé kan náà tí wọ́n jẹ́ ìran kan kì í fẹ́ ara wọn, nítorí pé tẹ̀gbọ́n tàbùrò ni a kà wọ́n sí. Abúlé mìíràn ni a ti ń wá ìyàwó. Kì í sì í ṣe abúlé gbogbo. Àwọn abúlé a máa kó ara wọn jọ sí agbo tí a ń pè ní gol, wọn a sì máa fẹ́ ara wọn láàrin agbo náà. Èyí tí ó lókìkí jù lọ ni ti ìlú mẹ́fà: Nadiad, Vaso, Karamsad, Sojitra, Dharmaj àti Bhadran.

Ìdí tí wọ́n fi dá gol sílẹ̀ kò dùn mọ́ni. Àṣà wọn ni pé kí ọmọbìnrin fẹ́ sókè, ìdílé ìyàwó ni ó sì ń gbé owó ńlá lọ fún ti ọkọ, ìdà kejì ohun tí a mọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn ìlú ńlá ń gba ìyàwó àti owó láti ọ̀dọ̀ àwọn ìlú kéékèèké, wọn kò sì ń fún wọn ní ọmọbìnrin padà. Ẹrù owó yìí pọ̀ débi pé wọ́n ń pa ọmọ ìkókó obìnrin ní àwọn agbo ilé kan. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin láti dẹ́kun rẹ̀ ní ọdún 1870. Àwọn ìlú tí ó wà nísàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dá agbo tiwọn, wọ́n sì fi òfin dè é pé ẹni tí ó bá fi ọmọbìnrin rẹ̀ fún ará ìta yóò san owó ìtanràn.

Nítorí náà, láàrin Patel sí Patel, abúlé ni ìdánimọ̀. Ẹni tí ó ní Patel ni òun kò tíì sọ nǹkan kan, ìbéèrè tí yóò tẹ̀ lé e ni, “Ará ibo?” Iṣẹ́ tí orílẹ̀ ń ṣe fún Yorùbá ni orúkọ abúlé ń ṣe fún wọn, kò sì sí àyè fún un nínú ìwé ìrìnnà.

Bí orúkọ náà ṣe kọjá òkun

Àlàyé kan wà tí ó gbilẹ̀, pé àwọn alágbàṣe tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó láti Íńdíà ni wọ́n gbé irú àwọn orúkọ yìí kiri ayé. Ní ti Patel, àlàyé náà kò dúró. Àwọn alágbàṣe oníwèé àdéhùn tí wọ́n lọ sí oko ìrèké ní Trinidad, Guyana, Mauritius àti Natal wọ ọkọ̀ ní Calcutta àti Madras, láti ìhà ìlà-oòrùn àti gúúsù Íńdíà. Gujarat kò sí nínú àwọn ibi tí wọ́n ti ń wá wọn. Lẹ́yìn èyí, ọ̀pọ̀ nínú wọn wọ ọkọ̀ pẹ̀lú orúkọ kan ṣoṣo, orúkọ baba sì ni ó di orúkọ ìdílé fún àwọn ọmọ wọn ní ilẹ̀ àjèjì. Ìdí nìyí tí Naidoo, Govender àti Pillay fi kún Durban, láti inú èdè Telugu àti Tamil, tí Patel sì fi ṣọ̀wọ́n ní Trinidad. Ibi tí orúkọ kan kò sí pẹ̀lú jẹ́ ẹ̀rí: àìsí Patel ní erékùṣù ìrèké ń sọ fún ni pé àwọn tí ń jẹ́ Patel san owó ọkọ̀ ara wọn.

Fiji jẹ́ ibi tí ìyàtọ̀ yìí ti hàn kedere. Àwọn alágbàṣe bí ọ̀kẹ́ mẹ́ta ni a kó lọ síbẹ̀ láti 1879 sí 1916. Àwọn ọmọ wọn ni wọ́n di àgbẹ̀ ìrèké. Ẹni tí ó di agbẹnusọ wọn tí ó lágbára jù lọ ni A. D. Patel, lọ́yà tí wọ́n bí ní Kheda ní ọdún 1905. Ó dé Fiji ní ọdún 1928 gẹ́gẹ́ bí arìnrìn-àjò òmìnira, ó sì darí ẹgbẹ́ òṣèlú National Federation Party títí ó fi kú ní ọdún 1969. Kò sí ìbátan láàrin òun àti àwọn tí ó ń gbẹnu sọ fún. Èdè ilé wọn pàápàá yàtọ̀ sí tirẹ̀.

Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ni ilé kejì orúkọ náà. Níbẹ̀ pẹ̀lú, ìtàn ojú irin ti bo òótọ́ mọ́lẹ̀. Òtítọ́ ni pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó alágbàṣe bí ẹgbẹ̀rún méjìlélọ́gbọ̀n láti Íńdíà láti la ojú irin láti Mombasa dé adágún Victoria láàrin 1896 àti 1901. Ṣùgbọ́n Punjab ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá, ọ̀pọ̀ wọn sì padà sílé. Àwọn Patel tẹ̀ lé ojú irin náà ni, wọn kò là á. Ìyàn ńlá ti 1899 sí 1900 àti àjàkálẹ̀ àrùn ti ba Charotar jẹ́. Ilẹ̀ tí à ń pín láti ìran dé ìran ti kéré. Ilé-ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì sì ti wà ní Nadiad àti àwọn ìlú tí ó yí i ká. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó mọ ìwé, tí kò sì ní ilẹ̀ tí ó tó, wọ ọkọ̀ lọ sí Mombasa láti di akọ̀wé ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ní ilé ìfìwéránṣẹ́ tàbí ní ọ́fíìsì ìjọba. Bí ó bá ti kó owó díẹ̀ jọ, yóò ṣí ìsọ̀. Duka ni wọ́n ń pe ìsọ̀ ní Swahili, láti inú ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Íńdíà ń lò. Àwọn akọ̀wé wọ̀nyí ń kọ orúkọ ara wọn sínú ìwé ìjọba. Àwọn pẹ̀lú ni wọ́n ń kọ ti àwọn tí ó dé lẹ́yìn wọn. Ó ṣeé ṣe kí èyí wà lára ohun tí ó mú kí Patel rìn jìnnà ju Kanbi lọ, nítorí pé ẹni tí ó di kálàmù mú kì í kọ orúkọ tí ó ń tini lójú.

Ìjáde kúrò ní Áfíríkà ni ó gbé e lọ sí Ìlú Ọba ní ọ̀pọ̀ yanturu. Kẹ́ńyà ṣe òfin ní ọdún 1967 tí ó mú kí iṣẹ́ àti òwò nira fún àwọn tí kì í ṣe ọmọ ìlú. Àwọn tí wọ́n ní ìwé ìrìnnà Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ lọ sí London, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì sì fi ọjọ́ mẹ́ta péré ṣe òfin ní ọdún 1968 láti dí ọ̀nà mọ́ wọn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1972, Idi Amin fún àwọn ará Éṣíà ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ láti fi Ùgáńdà sílẹ̀. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí ó dé Ìlú Ọba. Ìgbìmọ̀ ìlú Leicester san owó ìkéde nínú ìwé ìròyìn Ùgáńdà láti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má ṣe wá sí ọ̀dọ̀ àwọn. Wọ́n wá, Leicester sì di ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí a mọ̀ mọ́ wọn jù lọ. Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ó ń pani lẹ́rìn-ín kíkorò. Àwọn Patidar tí ń jẹ́ Amin wà lára àwọn tí wọ́n kó ẹrù. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kan náà, tí ó túmọ̀ sí ẹni tí a lè fọkàn tán, ni ó bí orúkọ oyè ti Gujarat àti orúkọ ọ̀gágun náà.

Amẹ́ríkà ní ìtàn tirẹ̀. Òfin ọdún 1965 ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ará Éṣíà ní ọ̀pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ará agbègbè Surat, ní gúúsù Gujarat, ti ń ṣe òtẹ́ẹ̀lì kékeré ní San Francisco láti nǹkan bí ọdún 1940. Iṣẹ́ náà bá wọn mu nítorí pé ìdílé lè máa gbé inú rẹ̀, kí tọkọtaya àti ọmọ máa ṣe iṣẹ́ tí ẹlòmíràn yóò gba owó oṣù lé lórí, kí ìbátan sì yá wọn ní owó àkọ́kọ́. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti tàn dé àwọn òtẹ́ẹ̀lì ẹ̀bá ọ̀nà káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Ní ọdún 1989 wọ́n dá ẹgbẹ́ AAHOA sílẹ̀. Àwọn Amẹ́ríkà kà wọ́n mọ́ àwọn Patel ti Leicester. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe ará Charotar, wọn kò sí nínú agbo ìlú mẹ́fà, ọ̀nà Áfíríkà kọ́ ni púpọ̀ nínú wọn sì gbà.

Ẹni tí ó bá béèrè ìdí tí orúkọ yìí kò fi gbajúmọ̀ ní Èkó láàrin àwọn oníṣòwò ará Íńdíà yóò rí ìdáhùn nínú ọ̀nà ìrìn kan náà. Sindh, tí ó wà ní Pakistan lónìí, ni àwọn ilé ìṣòwò ńlá ibẹ̀, bíi Chellaram àti Chanrai, ti wá. Kì í ṣe ọ̀nà Mombasa ni àwọn oníṣòwò Sindh gbà dé etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Ohun tí ó rọ̀ mọ́ ọn

Ilé aṣòfin àgbà ti Ìlú Ọba fúnra rẹ̀ ti bá ìṣòro yìí pàdé. Ní ọdún 1999, Narendra Patel, dókítà àwọn aboyún tí wọ́n bí ní Tànsáníà, wọ ilé náà pẹ̀lú oyè Baron Patel. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Adam Patel dé, Mùsùlùmí tí wọ́n bí ní Gujarat; oyè tirẹ̀ ni Baron Patel of Blackburn. Ní ọdún 2006 Kamlesh Patel dé, ẹni tí wọ́n bí ní Nairobi, ó sì di Baron Patel of Bradford. Ìlú ni wọ́n fi ya wọ́n sọ́tọ̀, bí wọn ìbá ti ṣe ní Charotar. Bákan náà ni ó rí ní pápá kíríkẹ́ẹ̀tì ní Mumbai ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, nígbà tí Ajaz Patel, Mùsùlùmí tí wọ́n bí ní ìlú náà tí ó sì dàgbà ní New Zealand, mú gbogbo wíkẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá Íńdíà nínú ìpele kan. Axar Patel, Hindu ará Gujarat, wà lára àwọn tí ó ń bá a gbá a.

Níbi ìwé ìròyìn, ọ̀rọ̀ yìí lè jẹ́ àwàdà. Níbi ìwòsàn, kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Ìlú Ọba, níbi tí ìwé àwọn aláìsàn kì í fìgbà gbogbo sọ orírun wọn, a ti ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí ń fi orúkọ dá àwọn ará Gúúsù Éṣíà mọ̀, tí ó sì ń gbìyànjú láti sọ ẹ̀sìn àti èdè wọn. Nam Pehchan, tí wọ́n ṣe ní Bradford, ni a mọ̀ jù lára wọn. Fún ìbéèrè gbogbogbòò, bíi iye ará Gúúsù Éṣíà tí ó ní àrùn àtọ̀gbẹ, Patel jẹ́ orúkọ tí ó dára fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá ń jẹ́ ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé Íńdíà ni ìdílé rẹ̀ tàbí ti ọkọ rẹ̀ ti wá. Bí ìbéèrè bá ti di ti oúnjẹ, tábà, ọtí tàbí ìgbéyàwó láàrin ìbátan, ó bàjẹ́. Hindu ará Charotar tí kì í jẹ ẹran, tí òfin abúlé rẹ̀ kò sì gbà kí ó fẹ́ ọmọ ìran rẹ̀, àti Mùsùlùmí ará Bharuch tí ń jẹ ẹran, tí ẹ̀sìn rẹ̀ sì gbà á láàyè láti fẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n baba rẹ̀, ni a dà pọ̀ sínú àpò kan. Ìdajì òṣùwọ̀n méjèèjì ni yóò jáde, tí kò sì bá ẹnikẹ́ni nínú wọn mu.

Àtúnṣe rẹ̀ wà nínú orúkọ kan náà, ní àyè àkọ́kọ́ àti èkejì tí àwọn olùkàwé máa ń fò. Ahmed àti Ebrahim kò lè jẹ́ Hindu. Jhaverbhai kò lè jẹ́ Parsi. Àwọn onímọ̀ tí ń fi orúkọ Balógun tàbí Baṣọ̀run ṣe ìwádìí ìrìn àwọn ará Ìbàdàn àti Ìjẹ̀bú yóò rí i pé orúkọ àbísọ àti oríkì orílẹ̀ ni ó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fún Yorùbá. Ní ti Patel, ẹni tí ó bá lè rí orúkọ abúlé kún un kò ní wá ohun mìíràn. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú mẹ́fà wà ní Ìlú Ọba àti ní Amẹ́ríkà títí di òní. Bí wọ́n bá pé jọ, kò sí ẹni tí ń béèrè orúkọ ìdílé ẹnìkejì rẹ̀.